Ìwé Abẹ́ Èérún Igi

Olóòlù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí pé ó mọ ìṣó kàn. Káfíńtà wo ni kò mọ ìṣó kàn? Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn nítorí pé òòlù onígi tó fi ń ṣiṣẹ́ náà ló fi ń kọ́ni níṣẹ́. Bí ọmọṣẹ́ bá gbé ayùn gba ẹ̀gbẹ́ ìlà, òòlù á bà á ní èjìká. Bí ó bá da gọ́ọ̀mù sílẹ̀, òòlù á bà á ní orúnkún. Láàárín ogún ọdún, ọmọṣẹ́ mọ́kànlá ló wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mẹ́wàá sá lọ kí iṣẹ́ tó mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìkọkànlá kò rí ibi sá sí, nítorí pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni.

Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó rí i, ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó ń ti ìfági lórí pátákó, tí èérún igi ń tú jáde lẹ́nu irin náà gbọọrọ láìjá. Ìyá ọmọ ti kú. Bàbá náà kò ní ẹlòmíràn mọ́ láyé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń bá a sọ ọ́ ni, nítorí pé òun kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjìlá, ó di ṣísẹ́ẹ̀lì mú lódì, bàbá fi òòlù gbá ọwọ́ rẹ̀, irin ẹlẹ́nu mímú náà yọ̀, ó sì la àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ láti ìdí èékánná dé oríkèé. Bàbá fi aṣọ dì í, ó bú u, lẹ́yìn náà ló lọ sunkún lẹ́yìn ilé níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó. Àpá náà wà níbẹ̀ dòní, ó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ìlàjì òwe yẹn ni Olóòlù mọ̀.

Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà tó ju gbogbo òfin lọ: ìwé kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Olóòlù kò mọ̀wé kà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí òfin náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní: "Ìwé ló gbé àbúrò mi lọ."

Irọ́ ni. Ó kéré tán, kì í ṣe òótọ́ tó pé. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àbúrò a máa jókòó sórí àpótí ìṣó lọ́sàn-án, a máa ka ìwé iṣẹ́ igi nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, níṣojú oníbàárà, Àbúrò la ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ní ká má fi gọ́ọ̀mù há pátákó àárín ilẹ̀kùn mọ́ férémù o. Ó máa là ni." Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó ní, "À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú!" Kò sí ẹni tó mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló pè ní àkókó, ṣùgbọ́n Olóòlù gbà pé òun ni. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún àbúrò rẹ̀ lé orí tábìlì, ó sì sọ òòlù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e fọ́ yángá. Àbúrò kò ké. Ó fi ọwọ́ òsì mú ìwé rẹ̀, ó jáde, kò sì padà mọ́. Ibi tí òòlù ti bà lórí tábìlì náà jìn díẹ̀ títí di òní.

Ẹ óò rí i pé Àbúrò kò parọ́. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá ti fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó há a mọ́ férémù ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò ní ibi tí yóò sún sí, yóò là. Nígbà ayé bàbá wọn, pátákó a máa gbẹ fún ọdún mẹ́ta lábẹ́ àjà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni kì í fi í là púpọ̀. Pátákó ayé ìsinsìnyí, ewé ló kù tí kò hù lára rẹ̀ tí wọ́n fi ń tà á. Ṣùgbọ́n bí bàbá Olóòlù ṣe lẹ̀ ẹ́ lòun náà ṣe ń lẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni dókítà eléyín ṣe gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin tó ń fa eyín jẹun ni, apá rẹ̀ sì le. Pátákó àárín ilẹ̀kùn náà ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọmọdé lè gba ibẹ̀ kọjá.

"Ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn yín!" ló wí. "Mo ti ń wo ẹnu èèyàn bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò rí èjí tó fẹ̀ tó báyìí rí!"

Olóòlù ní kí ó rọra sọ̀rọ̀, pé igi ló ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe òun. Ni dókítà bá gbé ilẹ̀kùn náà sókè, ó sì jù ú lù ú. Igun férémù ba Olóòlù níwájú orí, ó là á, ẹ̀jẹ̀ dí i lójú ọ̀tún. Àwọn ará àdúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà. Dókítà ní, "Ẹ óò ṣe kọ́bọ́ọ̀dù òmíràn fún mi, onílẹ̀kùn mẹ́rin. Bí ẹyọ kan bá tún là, màá gbé e padà wá síbí, màá sì fọ́ ọ mọ́ yín lórí níṣojú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè lọ máa kan àpótí tòmátì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dun Olóòlù ju ojú ọgbẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ wá ìwé. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Inú àpò èérún igi tó wà lábẹ́ tábìlì ló ń fi pamọ́ sí, a sì máa kà á nígbà tí bàbá bá lọ wo pátákó lọ́dọ̀ àwọn onígi. Nígbà tí wọ́n pín iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù tuntun náà, bàbá ṣe ilẹ̀kùn mẹ́ta, ó ní kí ọmọ ṣe ìkẹrin.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ tán, ó ku kí àwọn alágbàrù wá gbé e. Olóòlù ń fi ọwọ́ mi àwọn ilẹ̀kùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀kíní dákẹ́. Ìkejì dákẹ́. Ìkẹta dákẹ́. Ìkẹrin ní kò-kò-kò.

"Ta ló ṣe ilẹ̀kùn yìí?" Ó mọ ẹni tó ṣe é.

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó ń mì bí eyín arúgbó?"

"Mo fi àyè sílẹ̀ fún pátákó àárín ni. Mi ò fi gọ́ọ̀mù sí i. Tí ẹ̀rùn bá dé, á rí ibi súnkì sí."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọ náà dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, èébú ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Olóòlù fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ sì ta sí ara férémù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

"Mo ní ta ló kọ́ ẹ!"

"Ìwé ni!" Ọmọ náà tutọ́ ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Ìwé ló kọ́ mi. Ìyá oníwèé tó wà lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló júwe ẹ̀ fún mi. Ẹ bá jẹ́ kí n kà á fún yín, Bàbá. Ohun tó ń fọ́ ilẹ̀kùn yín lọ́dọọdún wà níbẹ̀ tààrà!"

Olóòlù kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Ó ta ìfági dànù lórí tábìlì, ó fa àpótí irinṣẹ́ ya, ó wo ẹ̀yìn pátákó tó wà nínàró. Nígbà tó rí i pé ojú ọmọ náà ń sá lọ sábẹ́ tábìlì, ó fa àpò èérún igi jáde, ó sì dà á sílẹ̀. Ìwé náà bọ́ jáde, ó nípọn, kò ní èèpo níwájú tàbí lẹ́yìn, àlòkù tó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ káfíńtà kọjá. Ó fẹ́ fà á ya, kò ya. Ó sọ ọ́ lu tábìlì, ó ṣí sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ń wá ìṣáná ni nígbà tí pátákó bà á ní ẹ̀gbẹ́ ìhà. Ọmọ rẹ̀ ló lù ú. Ó di pátákó náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń sunkún, ó sì tún lù ú lẹ́ẹ̀kejì, níbi kan náà, Olóòlù sì gbọ́ bí egungun kan ṣe dún nínú ara rẹ̀. Ẹ má bi mí pé ṣé ó yẹ kí ọmọ na bàbá. Ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá ti ń fi òòlù nà án, ẹnikẹ́ni ò bi òun náà.

Ìbínú bo Olóòlù lójú. Ó gbé òòlù, ó fi gbá orúnkún ọmọ náà, ọmọ wó lulẹ̀ sáàárín pátákó tó ń ya lù ú. Ó fi ọwọ́ òsì fà á dìde ní ọrùn ọwọ́, ó wọ́ ọ dé ìdí tábìlì, ó sì tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí ibi tó jìn yẹn. Ó mọ ibi tó ń gbé e lé. Kò sí ìgbà kankan tó ti gbàgbé ibẹ̀.

"Bàbá, ẹ má fọ́ ọ," ni ọmọ náà wí. Kò pariwo mọ́. "Ẹ lù mí níbòmíràn. Ọwọ́ mi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ lù, ẹ fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

Òòlù ti lọ sókè. Olóòlù wo ibi tí yóò bà, ojú rẹ̀ sì kọjá lára ìwé tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọmọ náà. Àwòrán ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ń gbẹ́ ihò sára igi. Ọwọ́ òsì ló fi di òòlù mú, èyí tí káfíńtà kì í sábà ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún ló wà lára ṣísẹ́ẹ̀lì, ìka mẹ́ta péré ló sì fi dì í mú. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e yọ sóde, wọ́n wọ́ bí ìṣó tí wọ́n kàn tí kò wọlé. Ẹni tó ya àwòrán náà kò tún wọn ṣe. Ó yà wọ́n bí wọ́n ṣe rí, pẹ̀lú oríkèé wọn tó wú.

Òòlù sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, kò ba ẹnikẹ́ni. Olóòlù gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ìwé náà, ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń fa ìlà, ó wà níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ igi, ó wà ní gbogbo ojú ewé. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e.

"Ọwọ́ àbúrò mi rè é," ló wí.

Ṣùgbọ́n kò tíì fi ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì fún un mọ́lẹ̀ gírígírí, kò sì mọ̀. Ohun tí ọmọ náà rí ni pé bàbá òun ń wá àyè lórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ fa ṣísẹ́ẹ̀lì yọ nínú àgbékọ́ irinṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ó sì gún un wọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Irin náà gba àárín egungun kọjá, ó gba inú ìwé kọjá, ó wọ tábìlì.

Ṣé Olóòlù ti pinnu pé òun kò ní fọ́ ọwọ́ náà mọ́? Mi ò ní parọ́ fún yín, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ dòní.

Ó wo ọmọ rẹ̀, kò ké. Ọmọ náà wo ẹ̀jẹ̀ tó ń tàn ká lórí ìwé, ó wo àwọn ìka wíwọ́ tó wà nínú àwòrán, ó wo ibi jíjìn tó wà lórí tábìlì. Ó bi í pé:

"Àbúrò yín tí ẹ ní ìwé gbé lọ?"

 Ìgbà yẹn ni Olóòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà gbé ayùn rẹ̀, ó gbé ìfági rẹ̀, ó sì tiro gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò bá a fa ṣísẹ́ẹ̀lì yọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fà á, nígbà tí àwọn alágbàrù sì dé, orí ilẹ̀ ni wọ́n bá a, ó gbá ìwé náà mọ́ àyà. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni kò rántí fi gọ́ọ̀mù sí ilẹ̀kùn kẹrin.

Ọwọ́ náà jinná, àmọ́ ìka mẹ́ta kò lè ká mọ́. Tí wọ́n bá fún un ní ife, yóò bọ́. Tó bá gbé òòlù, òòlù yóò bọ́.

Ẹ̀rùn dé. Dókítà eléyín dé pẹ̀lú rẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn lé èjìká, àwọn ará àdúgbò sì ti ń tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ wòran. Ó bá Olóòlù lórí àpótí ìṣó, ó rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Mẹ́ta ló là," ló wí. "Ọ̀kan ò là. Ó ń dún díẹ̀ tí mo bá tì í, ṣùgbọ́n kò là. Ta ló ṣe ìyẹn?"

"Ọmọ mi ni."

"Ẹ pè é wá. Òun ló máa ṣe mẹ́ta tó kù."

"Kò sí níbí mọ́," ni Olóòlù wí. "Ẹ fọ́ ọ mọ́ mi lórí bí ẹ ṣe wí, dókítà. Ẹ jọ̀ọ́." Dókítà gbé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn olùwòran náà túká, ojú sì tì wọ́n díẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì fún ọdún méjì. Olóòlù nìkan ló ń wọlé síbẹ̀. A máa gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì ṣiṣẹ́, a máa fi òòlù gbá ara rẹ̀ lọ́wọ́, a sì máa bú ara rẹ̀ bó ṣe ń bú àwọn ọmọṣẹ́. Ó rántí pé ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì yà á sínú ìwé. Ó gbé ìwé náà jáde. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ sínú rẹ̀, ó ti lẹ gbogbo ewé pọ̀, ó le ju gọ́ọ̀mù lọ. Nígbà tó fẹ́ ṣí i, ó fọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́wẹ́.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ sẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin àgbàlagbà tó wọ awò ojú ló jókòó ti àwọn ìwé náà.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń wá."

"Ó pọ̀ lọ́wọ́ mi, bàbá. Ẹ jẹ́ n júwe wọn fún yín, kí ẹ má baà rà á kí ẹ wá máa fi jókòó." Ó fa àkọ́kọ́ jáde. "Èyí, àwòrán aláràbarà ló kún inú ẹ̀. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi kọ́bọ́ọ̀dù ṣe fáàrí, kò sọ bí wọ́n ṣe ń kàn án. Èyí tó tóbi yìí, ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́. Ó mọ orúkọ gbogbo igi, ṣùgbọ́n bóyá ó ti gbá ìṣó rí, Ọlọ́run ló mọ̀. Èyí ni kí ẹ mú. Òun làwọn káfíńtà máa ń jí lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tẹ̀ ni. Ọmọ yín lẹ fẹ́ fún ni?"

"Èmi ni mo fẹ́ kọ́ ọ."

Ìyá oníwèé wo ọwọ́ tí kò lè ká, kò sì rẹ́rìn-ín. Olóòlù fi òsì ṣí ìwé náà. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, awọ rẹ̀ ti hunjọ díẹ̀ sí i. Ó ń ṣí i lọ títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ilẹ̀kùn. Ọwọ́ kejì ti wọ inú àwòrán náà. Ọwọ́ obìnrin ni, ó ń ti pátákó àárín wọ férémù, kò sí gọ́ọ̀mù nínú ihò tóóró tí pátákó náà ń wọ̀. Ìka rẹ̀ pé márùn-ún, wọ́n tọ́, wọ́n sì gún. Lórí àtàǹpàkò rẹ̀, láti ìdí èékánná dé oríkèé, àpá kan tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé.

Olóòlù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọjá, ó sì sunkún níbi tí gbogbo ojú ti tó.

"Ẹ mọ àwọn tó ni ọwọ́ wọ̀nyí ni?" ni Ìyá oníwèé bi í. "Ọdún méjì sẹ́yìn ni obìnrin yẹn wá síbí, ètè ẹ̀ ya, ó ń tiro. Ó ní kí n júwe ilé ẹni tó kọ ìwé náà fún òun. Mo sì júwe ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kò jìnnà. Ṣé kí n júwe ẹ̀ fún ẹ̀yin náà?"

Olóòlù wo àwọn ìka tó pé márùn-ún yẹn. Ó ronú nípa ẹnu ọ̀nà wọn, tí òun yóò gbà wọlé, tí wọn yóò gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́ láti wo ẹni tó dé. Ó mọ ara rẹ̀. Ọjọ́ tí inú yóò bí òun kò ní ṣàìdé.

"Rárá o, Ìyá," ló wí. "Ẹ má júwe ẹ̀ fún mi. Tí mo bá tún padà wá bẹ̀ yín, ẹ má júwe ẹ̀ fún mi."

Ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí i sórí tábìlì, ó fi ojú ewé bo ibi tó jìn náà, ó sì to ìka ọ̀tún rẹ̀ sára ṣísẹ́ẹ̀lì bí àbúrò rẹ̀ ṣe tò ó. Ó fi òsì gbé òòlù, ó sì rọra gbá a.